Èbúté tí ọkọ̀ afẹ́ ń kọjá láìyà: bí ẹ ṣe lè ṣètò ọjọ́ kan ní Kútọnu

Lọ́dọọdún, ọkọ̀ òkun tí ń gbé arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, wọ́n ń ti Yúróòpù bọ̀, wọ́n ń lọ sí Cape Town. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, wọ́n ń padà. Dakar ń gbà wọ́n, Mindelo ní Cape Verde ń gbà wọ́n, Takoradi àti Tema ní Gánà náà ń gbà wọ́n. Lẹ́yìn Gánà, ọ̀pọ̀ wọn á kọrí sí Walvis Bay ní Nàmíbíà. Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yà síbẹ̀.

Kì í ṣe àìní ohun tí ojú ń wò ló fà á. Ouidah, ìlú tí wọ́n ti kó ẹrú sọdá òkun, ń bẹ níbẹ̀, ìlú Ganvié wà lórí omi, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì wà pẹ̀lú ilé àwọn Àgùdà tó padà láti Bràsíl. Ohun tó ń mú kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fo èbúté ni pé wọn kò rí ẹni tó bá wọn ṣírò ọjọ́ náà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti so okùn títí di ìgbà tí wọ́n á tú u. Ẹni tó bá ní ìṣirò yẹn lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹni tó bá mú àwòrán mèremère nìkan lọ, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Aṣojú ọkọ̀, onílé-iṣẹ́ ìrìnàjò àti amọ̀nà tó fẹ́ gbé Kútọnu kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ la kọ èyí fún. Ìlànà kan náà wúlò fún Lomé, Freetown àti São Tomé. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Irú ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ pè?

Ọkọ̀ afẹ́ kò dọ́gba. Èyí tó kéré, tí ń gbé èèyàn 100 sí 200, ìdí rẹ̀ kì í rì ju bíi mítà 5 lọ sínú omi. Èyí tó wà láàrin ń gbé 500 sí 900, ó ń gùn tó mítà 180 sí 220, ó sì ń rì tó mítà 6 sí 8. Àwọn ńláńlá tí ń gbé 3,000 máa ń gùn ju mítà 300 lọ. Fún Kútọnu, ọkọ̀ àárín ni kí ẹ pè. Bí 2,000 nínú èèyàn 3,000 bá fẹ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì tí wọ́n nílò lé ní 50, èbúté tí kọ́ńténà àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ kún kò sì ní àyè tí wọ́n máa gbà jáde.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kankan, ẹ gba ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀gá èbúté, lórí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Mítà mélòó ni omi jìn ní ibi ìdúró náà nígbà tí òkun bá fà jù? Ṣé ibẹ̀ gùn tó ọkọ̀, kí mítà 30 sì lé fún okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn? Ṣé ibi tí ọkọ̀ á ti yí fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀? Ọkọ̀ afàkọ̀ mélòó ló wà, báwo ni agbára wọn sì ṣe tó? Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe kókó jù: bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ afẹ́ dé, ta ló máa ní kó dìde? Bí kò bá sí ìwé tó fi ibi ìdúró yẹn pamọ́ fún ọjọ́ náà, ẹ má tíì ta ìrìnàjò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe gba iye ìjìnlẹ̀ omi tó wà lórí àwòrán àtijọ́ gbọ́. Omi òkun etíkun Benin máa ń kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, odi òkúta rẹ̀ ló ń dá iyanrìn yẹn dúró sí apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ apá ìlà-oòrùn. Èyí tó bá yí odi náà ká á máa rọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àfi kí wọ́n máa wà á kúrò. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n wọn omi kẹ́yìn. Ọ̀gá ọkọ̀ máa ń fẹ́ kí omi tó kù lábẹ́ ìdí ọkọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ọkọ̀ ṣe rì tó, kó má sì dín ní mítà kan. Ọkọ̀ tó rì tó mítà 7.5 á fẹ́ omi tó jìn tó mítà 8.5.

Ìgbì gígùn tí ń ti gúúsù Àtìláńtíìkì bọ̀ máa ń le jù láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ó máa ń fa ọkọ̀ síwá sẹ́yìn nínú èbúté títí okùn á fi já. Ọkọ̀ afẹ́ kì í sábà kọjá láwọn oṣù yẹn, ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ ní tiyín: láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku rẹ̀ lè bo ojú òkun débi pé ọkọ̀ á pẹ́ wọlé.

Wákàtí mélòó ló wà nínú ọjọ́ náà?

Ká ní ọkọ̀ gbé èèyàn 600, tí 400 nínú wọn ra ìrìnàjò orí ilẹ̀. Wọ́n so okùn ní aago méje àárọ̀, wọ́n máa tú u ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní wákàtí 11 ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ wò. Oníṣègùn èbúté, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò á kọ́kọ́ gun ọkọ̀. Wákàtí kan ti lọ. Gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀. Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ ti dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, kí wákàtí kan lè wà nílẹ̀ fún táyà tó bẹ́ tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Godomey. Ó ku wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ kan kì í gbà ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ ní ìṣẹ́jú kan nítorí káàdì tí wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí náà èèyàn 400 á gba ìṣẹ́jú 45. Wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 45 ló ṣẹ́kù. Inú rẹ̀ ni ìrìn, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọjà rírà gbọ́dọ̀ wọ̀.

Ẹ pín 400 náà sí ọ̀nà mẹ́ta: 160 sí Ouidah, 120 sí Ganvié, 120 sí Àjàṣẹ́. Bọ́ọ̀sì oníjòkòó 45, èèyàn 36 ni kí ẹ kó sí i. Amọ̀nà nílò ìjókòó, ọ̀pọ̀ èrò ti dàgbà, wọn kò lè máa há mọ́ra wọn, ìjókòó kan sì máa ń wà ṣáá tí ẹ̀rọ amúlétutù kò dé. Ouidah á gba bọ́ọ̀sì márùn-ún, Ganvié mẹ́rin, Àjàṣẹ́ mẹ́rin. Ó di 13. Ẹ fi ìkẹrìnlá kún un, kó ṣófo, kí awakọ̀ àti mẹkáníìkì jókòó sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú sọ́nà, òun ló máa lọ kó wọn. Àwọn tó bá yọ bọ́ọ̀sì yìí kúrò torí owó ni ọkọ̀ máa ń dúró dè.

Bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wọ inú èbúté wá sí ìdí àtẹ̀gùn. Èrò kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn láàrin ẹ̀rọ tí ń gbé kọ́ńténà. Láti ọdún 2004 tí òfin ààbò èbúté ti gbogbo àgbáyé ti fìdí múlẹ̀, ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ fi orúkọ awakọ̀ àti amọ̀nà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì kọ orúkọ awakọ̀ méjì mọ́ ọn tí yóò rọ́pò ẹni tó bá ṣàìsàn. Awakọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló sábà máa ń dá gbogbo bọ́ọ̀sì dúró.

Ouidah

Ó tó kìlómítà 40 sí Kútọnu. Ẹ ka wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 fún àlọ, bẹ́ẹ̀ náà fún àbọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun gùn tó kìlómítà mẹ́rin, láti inú ìlú títí dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tó dúró lórí iyanrìn. Bí ìtàn náà ṣe tò nìyẹn, ẹ má yí i padà: inú ìlú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí òkun kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti etí òkun bẹ̀rẹ̀ ti fi òpin ìtàn síwájú. Àmọ́ ẹ má ní kí àgbà ẹni 70 ọdún fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́rin nínú oòrùn. Kí bọ́ọ̀sì máa gbé wọn láti ibùdó kan dé ìkejì, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ rin ìwọ̀nba tó kẹ́yìn.

Àgbàlá ilé Dàngbé, níbi tí wọ́n ti ń bọ erè, kò tóbi. Èrò bọ́ọ̀sì márùn-ún kò lè wọ ibẹ̀ pọ̀. Ìjọ Àgùdà ńlá wà ní iwájú rẹ̀ gan-an, èyí sì rọrùn fún yín: bọ́ọ̀sì kan á wọ ilé Dàngbé, èkejì á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pààrọ̀ lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú. Àwọn yòókù á kọ́kọ́ lọ sí agbègbè ilé ológun àwọn Potogí, tí wọ́n kọ́ ní 1721.

Bí ọjọ́ ọkọ̀ bá bọ́ sí àwọn ọjọ́ ìsinmi ọdún Fódù, ní nǹkan bí 10 oṣù kìíní, ọ̀nà Ouidah á kún fọ́fọ́. Ẹ fi ọdún náà ṣe ìdí ìrìnàjò, kí ẹ sì kúrò ní èbúté ní kùtùkùtù, tàbí kí ẹ fi Ouidah sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ganvié

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, nítorí àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ ojú omi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀sì á gbé èrò dé ibùdókọ̀ Abomey-Calavi, wọ́n á wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bí ìdajì wákàtí lórí ọ̀sà Nokoué, wọ́n á dé ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi. Èèyàn 120 nínú ọkọ̀ tí ń gbé 15, ọkọ̀ mẹ́jọ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó (láìfù jákẹ́ẹ̀tì) 120 fún èrò, àti ti amọ̀nà àti awakọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lọ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa okùn rẹ̀ wò. Ẹ wo bí ó bá ṣì ń di mọ́ni láyà: èyí tí oòrùn ti gbẹ, tí fóòmù inú rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gàrí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wù lásán ni. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, ohun tó sì kọ́kọ́ máa dì mú nìyẹn.

Ọ̀sà náà kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà tí òjò bá pọ̀, omi dídùn á kún un, ewéko tí ń léfòó, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, á bo ojú omi, á sì wé mọ́ abẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á gba ọ̀nà omi tó la Kútọnu já wọ inú ọ̀sà, á pa ewéko yẹn. Àmọ́ omi náà á wá fà, abẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa kan ẹrẹ̀ àti akája, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi kó ẹja jọ. Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, kí awakọ̀ mú ọ̀bẹ dání láti gé ewéko. Ní oṣù kẹta, kó mú ọ̀pá gígùn, kí ẹ sì dín èrò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kù sí 12. Ó di ọkọ̀ mẹ́wàá nìyẹn, ẹ kọ iye méjèèjì sínú ìwé yín.

Ẹ bá àwọn ará Ganvié sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ilé wọn ni àlejò ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa ya àwọn ní fọ́tò, wọ́n á fi fìlà bojú, wọ́n á sì yí ẹ̀yìn sí yín. Kí amọ̀nà sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ rárá.

Àjàṣẹ́

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ òun la rò pé ó yẹ kí ó wà níwájú. Ó tó bíi kìlómítà 30 sí Kútọnu. Mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia lẹ̀ ń wò. Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ ẹrú tó padà láti Bràsíl, ni wọ́n mú ọnà ìkọ́lé yẹn wá sí etíkun yìí, Mùsùlùmí Yorùbá àti Kristẹni ló sì wà nínú wọn. Ilé ọnà da Silva ń sọ ìtàn wọn. Ààfin Honmè, níbi tí ọba Àjàṣẹ́ ń gbé nígbà kan, kò jìnnà síbẹ̀. Èrò tó ti Salvador tàbí Havana wá á gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò, wọ́n á dá orúkọ òrìṣà tí wọ́n mọ̀ nílé mọ̀. Ẹ wá amọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wà ní Àjàṣẹ́ àti Sakété.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má fi mọ́ṣáláṣí sí aago kan sí aago méjì ààbọ̀. Kí àwọn obìnrin mú ìborùn dání. Fún oúnjẹ ọ̀sán, ọgbà Songhaï, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 láti máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ilé oúnjẹ, ohun tí wọ́n gbìn àti ohun tí wọ́n sìn ni wọ́n ń sè. Ẹ ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn: fún èèyàn 120, ó kéré tán mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fi ìdajì wákàtí dúró lórí ìlà.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi Abomey kún un, nítorí ààfin rẹ̀ ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé láti 1985. Ó yẹ ní wíwò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lé ní kìlómítà 130. Wákàtí mẹ́ta àlọ, mẹ́ta àbọ̀. Kò wọ inú wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 45. Kí ọkọ̀ sùn ní Kútọnu mọ́jú, tàbí kí ẹ fi Abomey sílẹ̀.

Ìwé, abẹ́rẹ́ àti owó

Abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ni ìdènà àkọ́kọ́. Láti oṣù keje 2016, káàdì aláwọ̀ yẹ́lò náà ń ṣiṣẹ́ títí ayé ẹni tó gbà á, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ afẹ́ ti lé ní 60 ọdún, dókítà wọn sì lè kọ̀ láti gún wọn nítorí ọjọ́ orí. Lẹ́tà dókítà ni wọ́n á mú wá. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìlera èbúté tó sọ bóyá wọ́n á gba lẹ́tà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, nítorí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Físà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀ tó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ nílò físà tirẹ̀, tàbí wọ́n á fi ìwé orúkọ gbogbo èrò fún wọn ní àyè pọ̀. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sọ ọ́ fún èrò nígbà tí wọ́n ń sanwó.

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, Yúrò kan jẹ́ 655.957. Àwọn oníṣòwò kì í ní ṣẹ́ńjì owó ńlá. Kí ẹni kan wà ní ìdí àtẹ̀gùn tó ń ṣẹ́ owó sí 500 àti 1,000.

Èbúté tó wà níwájú àti lẹ́yìn

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ra èbúté kan ṣoṣo, ọ̀nà ni wọ́n ń rà. Láti Tema sí Lomé tó bíi máìlì òkun 80, Lomé sí Kútọnu bíi 70. Òru kan ló máa gbà. Ṣùgbọ́n aago Benin fi wákàtí kan ṣáájú ti Tógò. Ọkọ̀ tó kúrò ní Lomé ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì dé Kútọnu ní aago méje, wákàtí mẹ́jọ ló lò. Kọ “aago Benin” sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo aago inú ìwé yín, kí bọ́ọ̀sì 14 má bàa jí dúró de ọkọ̀ tí kò tíì dé. Lomé ní omi jíjìn gan-an, ọkọ̀ tó rì ju mítà 15 lọ ń wọ ibẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ ńlá tí Kútọnu kò gbà lè yà síbẹ̀.

Láti Kútọnu sí São Tomé jẹ́ bíi máìlì òkun 440. Bí ọkọ̀ bá ṣí ní aago méje alẹ́ tó sì fẹ́ dé ní aago méje àárọ̀ ọ̀túnla, wákàtí 37 ni, nítorí aago Benin fi wákàtí kan ṣáájú ti São Tomé náà, ìyẹn bíi máìlì 12 ní wákàtí kan, kò sì jẹ epo púpọ̀. Omi etí ìlú São Tomé kò jìn tó, nítorí náà ọkọ̀ á ju ìdákọ̀ró sí ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kékeré á máa kó èrò lọ sí ilẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbé 90, tí àlọ-àbọ̀ jẹ́ 50 ìṣẹ́jú, ọkọ̀ méjì á lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí 400 tó tán, àwọn tó kẹ́yìn kò sì ní tẹ ilẹ̀ kí wákàtí méjì tó kọjá. Mẹ́rin ni kí ẹ béèrè. Ọkọ̀ tó kéré lè dé Príncipe, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán oòrùn tí òṣùpá bò ní 29 oṣù karùn-ún 1919 ní oko Sundy, tí ìṣirò Einstein fi di ohun tí gbogbo ayé gbọ́.

Freetown ni kí ọkọ̀ yà sí kó tó dé Gánà. Lójú wa, kò sí èbúté tó bá Àjàṣẹ́ tan tó o. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Ajayi Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Àwókù ilé àtijọ́ náà wà ní Cline Town, nítòsí èbúté gan-an, èèyàn lè dé ibẹ̀ láìpẹ́. Àwọn Okú, àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀, ṣì ń ṣe àwùjọ, wọ́n ṣì ń gbé egúngún. Òkun ń kún, ó sì ń fà níbẹ̀ ju ti Kútọnu lọ, nítorí náà kí ẹni kan máa ṣọ́ bí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ṣe ń ga sókè.

Èkó ńkọ́? Ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Àpápá lè gba gbogbo wákàtí yín, Badagry sì jìn. Ẹ má sì gbìyànjú láti kó èrò láti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Badagry, ìwé ìrìnnà 120 ní ẹnubodè á gbọ́n ọjọ́ náà gbẹ. Bí ọkọ̀ bá máa yà ní Èkó lọ́jọ́ iwájú, ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá sọdá sí Marina ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì fi àdúgbò àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ṣe gbogbo ọjọ́.

Ààbò

Ní 2020, wọ́n jí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 130 gbé ní Gulf of Guinea. Ó ti dín kù gan-an láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n abánigbófò ṣì máa ń gba owó lọ́tọ̀ lórí omi yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín fúnra yín. Ohun tó ń fọkàn ọ̀gá ọkọ̀ balẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ má dúró lójú òkun lóru: kó dé ní ìdájí, kí atukọ̀ èbúté ti wà nílẹ̀, kó wọlé tààrà. Níbi tó bá ti nílò ẹ̀ṣọ́ alágbára, àwọn ológun ojú omi ìjọba ni kí aṣojú bá sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ẹ ó fi ìwé ránṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń tẹ ìwé ìrìnàjò ní ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ṣáájú. Kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́, ẹ gba bọ́ọ̀sì kan, kó jẹ́ ọjọ́ kan náà láàrin ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ máa dé, kó kúrò ní ẹnu èbúté ní aago mẹ́jọ. Kó lọ sí Ouidah. Lọ́jọ́ kejì Calavi, lọ́jọ́ kẹta Àjàṣẹ́. Kí ẹni kan jókòó síwájú pẹ̀lú aago àti ìwé, kó kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n dé ibì kọ̀ọ̀kan àti ibi tí bọ́ọ̀sì ti dúró. Iye tó bá kọ ni kí ẹ fi rọ́pò gbogbo iye tí ẹ rí níhìn-ín, ìwé yẹn ni kí ẹ sì fi ránṣẹ́.